Onílé Ni Kò Ní Gbà: Lámèyítọ́ lórí Òwe, Ilé Kíkọ́ àti Ayípadà Ojú Ọjọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò òwe Yorùbá kan tí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀, èyí tí ó sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ó fi òwe náà wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ láyé àtijọ́ àti lóde òní, ní àkókò tí ojú ọjọ́ ń yí padà. Ohun tí iṣẹ́ náà ń tẹnu mọ́ ni pé ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, tí ìtumọ̀ oréfèé rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ oréfèé náà gan-an ni àwọn ènìyàn nílò lásìkò yìí. Ó tún fi hàn pé ìyìn tí àwọn kan ń fún ilé àtijọ́ àti èyí tí àwọn mìíràn ń fún ilé ìgbàlódé ní ibi tí wọ́n kù sí. Àbájáde rẹ̀ ni pé onílé inú òwe náà kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo àdúgbò ni.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ fi òwe wá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá òwe náà fúnra rẹ̀ kò tí ì sọnù. Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ìtumọ̀ òwe àgbàrá òjò, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni pé ọ̀tá kò ní sinmi ibi ṣíṣe, ẹni tí wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ ni kò ní gbà fún wọn. Ìdáhùn yìí tọ̀nà, kò sì sí olùdánwò tí yóò fi pákó rékọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò ti inú àfiwé bẹ̀rẹ̀. Ó rí àgbàrá lójú ara rẹ̀, ó rí ògiri tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, ó sì rí ilé tí ó wó. Ìrírí yẹn ni ó sọ di òwe.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń dáhùn ni èyí: kí ni òwe náà ń sọ fún ẹni tí ó ń kọ́lé sí Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn tàbí Ìpẹ́rù lónìí, tí a bá gbà pé òjò gidi ni ó ń sọ? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ìwé lásán. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ (IPCC) sọ nínú ìròyìn wọn ti 2021 pé ayé ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju bí ó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ṣe ń lè gbé omi púpọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀n ooru kan tí ó bá lé kún ti tẹ́lẹ̀ lè mú kí òjò alágbára fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ní 2024, tí ó jẹ́ ọdún tí ó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀, ooru ayé ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 ju ti àtijọ́ lọ.

Àwọn ará Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kò nílò òṣùwọ̀n kí wọ́n tó mọ agbára omi. Omíyalé Ògùnpa tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980 kò tí ì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Ìlú kan náà tún rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, 2011. Ní oṣù keje, 2018, omi ya wọ Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì gba ẹ̀mí. Ní 2022, omíyalé pa ju ènìyàn 600 lọ káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ kúrò nínú ilé wọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí ó ṣe Abẹ́òkúta kò jìnnà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí gbà

Tíọ́rì ìbáraẹnigbépọ̀, tí ó gbà pé láti inú àwùjọ ni lítíréṣọ̀ ti ń wá tí inú àwùjọ náà ni yóò sì padà sí, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ tí ó ń lo tíọ́rì náà fún òwe Yorùbá sábà máa ń wo àjọṣe ènìyàn sí ènìyàn: ọba sí ìlú, ọkọ sí aya, ọ̀tá sí ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ yìí fi àjọṣe ènìyàn pẹ̀lú àyíká rẹ̀ kún un, nítorí pé òjò, oòrùn, amọ̀ àti igi wà lára àwùjọ tí ó bí òwe. Nítorí náà, ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n yóò kà bí wọ́n ṣe ń ka ewì: kí ni ó sọ, kí ni kò sọ, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?

Ilé àtijọ́ àti ohun tí ó mọ̀

Agboolé Yorùbá àtijọ́ jẹ́ ilé tí ó yí àgbàlá ká. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọn a po amọ̀ pupa, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán, wọn a sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé bá ògiri tí kò tí ì ní òrùlé. Koríko, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bò ó, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹnì kan kì í dá a kọ́. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́, ará àti àna fi ń pawọ́ pọ̀ parí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ka ilé yìí dáadáa, ohun mẹ́ta ni yóò hàn. Èkíní ni pé ó mọ oòrùn. Ògiri tí ó nípọn kì í tètè gbóná. Kí ooru ọ̀sán tó wọlé tán, ilẹ̀ a ti ṣú. Àjà tí wọ́n fi igi àti amọ̀ ṣe sí abẹ́ òrùlé a tún dènà ooru láti òkè. Èkejì ni pé ó mọ òjò. Etí òrùlé a máa yọ síta, a sì máa wálẹ̀ dáadáa, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà kan ògiri. Pèpéle tí àwọn àgbà ń jókòó lé ní iwájú ilé wúlò ju ìjókòó lọ, nítorí pé òun ni ó ń gba omi tí ó bá ta padà láti ilẹ̀ dípò ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀kẹta ni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń gba omi. Òrùlé tí ó dojú kọ àgbàlá ń da omi sí àárín, wọ́n a gbé ìkòkò sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù a gba ojú ihò tí wọ́n là fún un jáde. Ẹni tó bá da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ibí ni àwọn olùyìn àṣà sábà máa ń dúró sí. Wọn a ní bí Yorùbá bá padà sí ilé amọ̀, wàhálà tán. Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn dúró síbẹ̀, nítorí pé òwe tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ yìí gan-an ta kò wọ́n. Ilé tí àgbàrá ń wó nínú òwe náà, ilé amọ̀ ni. Bí omi bá dúró sí ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, ògiri náà yóò mu ún, yóò rọ̀, yóò sì ṣubú. Òwe mìíràn tí wọ́n ń pa, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, jẹ́rìí sí ewu kejì, èyí tí í ṣe iná lórí òrùlé koríko. Yorùbá tí ó kọ́ ilé amọ̀ kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó mọ ibi tí ó kù sí, ó sì fi òwe kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń yìn ín lóde òní ni wọ́n gbàgbé ìdajì ẹ̀rí náà.

Ó tún kù síbì kan. Kàlẹ́ńdà ìgbà ni ilé amọ̀ gbára lé. Ẹni tí ó ń mọ ìpele gbọ́dọ̀ ní ìdánilójú pé òjò kò ní rọ̀ kí ó tó gbẹ. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, òjò máa ń le ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá kí ọyẹ́ tó dé. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń yẹ̀ lórí àkókò rẹ̀, tí òjò àrọ̀kúrò sì ń dé bí ìjà, ìmọ̀ tí ó dá lórí ìdúróṣinṣin ìgbà kò lè dá ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí àtúnṣe.

Ilé ìgbàlódé àti ohun tí ó gbàgbé

Páànù ni ó kọ́kọ́ yí ojú ilé padà. Kò jó bíi koríko, kì í sì í béèrè àtúnbò ní ọdún díẹ̀ síra. Owó kòkó àti ti obì, èyí tí ilẹ̀ Rẹ́mọ gbajúmọ̀ fún, mú kí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípáànù pọ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ńtì dé. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣàgámù nítorí òkúta ẹfun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Láti ìgbà náà ni Rẹ́mọ ti di ilẹ̀ tí Èkó ń nà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìjọsìn, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́ sí àárín Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò sàn ju amọ̀ lọ bí omi bá dé ẹsẹ̀ ilé. Ó sàn jù, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi yàn án. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ohun èlò, wọ́n ju ọgbọ́n tí ó wà nínú ilé àtijọ́ nù pẹ̀lú. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò nípọn tó ti amọ̀, oòrùn sì ń tètè là á kọjá. Etí òrùlé di kékeré, àwọn kan tilẹ̀ fi ògiri yí i ká kí ó má baà hàn, ooru ọ̀sán sì ń lu ògiri ní tààrà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà la ilé já ti di yàrá. Fèrèsé onígíláàsì tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń ṣí dé. Ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ wá ń ṣe iṣẹ́ tí òjìji àti afẹ́fẹ́ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò sì lówó epo ń sùn nínú ooru.

Àyíká ilé náà kò yàtọ̀. Àgbàlá tí ó ń mu omi ti di ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tàbí intalọ́ọ̀kù. Omi tí ilẹ̀ kò rí mu gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà lọ. Onílé kan a gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga, a mọ fẹ́ǹsì yí i ká, a sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde sí òde. Ó ti bọ́, ṣùgbọ́n omi náà kò tí ì bọ́. Ó kàn forí lé ilé tí ó wà nísàlẹ̀ ni. Bí gọ́tà àdúgbò bá sì kún fún ọ̀rá àti yanrìn, ojú títì ni yóò di odò.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ilé amọ̀ kò ní. Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń mú ayé gbóná. Wọ́n gbọ́dọ̀ sun òkúta ẹfun nínú iná tí ó ju ìwọ̀n 1,400 Celsius lọ, òkúta náà a sì tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ bí ó ti ń jó. Nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú òfurufú ni ó ń ti ìdí sìmẹ́ńtì wá. Ohun tí wọ́n fi ń dènà àgbàrá wà lára ohun tí ó ń fún àgbàrá lágbára. Èyí kò sọ pé kí Ṣàgámù kọ sìmẹ́ńtì sílẹ̀; ohun tí ó sọ ni pé kò yẹ kí wọ́n máa lò ó níbi tí ohun mìíràn bá lè ṣe é.

Ta ni onílé? Kí ni gbígbà?

Ó tó àkókò láti padà sínú òwe náà gẹ́gẹ́ bí àkójọ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó di kókó mú: onílé àti gbà.

Nínú gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye. Onílé lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó ń túmọ̀ òwe náà sábà máa ń mú un ní ẹyọ: ẹnì kan, ilé kan, ọ̀tá kan. Kò sí ohun kan nínú gbólóhùn náà tí ó fi dandan mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nípa bí omi ṣe ń ṣàn sì fi hàn pé ẹyọ kò bá àgbàrá mu rárá. Àgbàrá kì í bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó wó ilé rẹ̀. Láti orí òrùlé àwọn mìíràn, láti inú ọgbà àwọn mìíràn àti láti orí títì ni ó ti ń kó ara jọ. Onílé ìsàlẹ̀ tí ó bá dá nìkan kọ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni yóò ṣe. Bí wọ́n bá ka onílé ní ọ̀pọ̀, òwe náà á di ìpè sí àdúgbò.

Ìlò ojoojúmọ́ ti ṣáájú lámèyítọ́ débẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ní Ṣàgámù àti agbègbè rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń dá owó fún ọdẹ, fún iná àti fún ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ náà fi ẹnì kan sílẹ̀ sẹ́yìn: ayálégbé. Ẹni tí ó ń san owó ilé kò ní ohùn ní ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí gọ́tà yóò gbà, bẹ́ẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ tí omi kọ́kọ́ ń wọ̀ ni ó sábà máa ń gbé. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ibi tí òwe náà kù sí nìyí, kò sì yẹ kí ìfẹ́ àṣà mú lámèyítọ́ dákẹ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí òwe náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń gbé inú ilé àti ẹni tí ó ni ilé sábà máa ń jẹ́ ẹbí kan náà. Lónìí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún súnmọ́ onílé pẹ́kípẹ́kí ní ìró: onílẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ń ta ilẹ̀ ní bèbè odò Ibú ní Ṣàgámù tàbí ní ojú àgbàrá níbikíbi, wọ́n ti gba owó wọn kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀. Ẹni tí ó rà á ni yóò máa jẹ́ onílé inú òwe. Òfin kò ṣàìsí: Nàìjíríà ní ìlànà ilé kíkọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2006, ó sì ní òfin ayípadà ojú ọjọ́ láti 2021. Àmọ́ ìwé tí ó wà ní ọ́fíìsì kò lè dá omi dúró bí ilẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni gbà. Kí ènìyàn gbà fún àgbàrá ni pé kí ó jẹ́ kí ó ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá ń lò fún gbígba àlejò àti gbígba omi sínú ìkòkò. Onílé òde òní rò pé láti má gbà fún àgbàrá ni láti lé e lọ. Ilé àtijọ́ mọ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbà fún àgbàrá gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba òjò: sínú ìkòkò, sínú àgbàlá, sínú ilẹ̀ tí koríko àti igi wà lórí rẹ̀. Òjò tí onílé kọ̀ọ̀kan bá gbà sílẹ̀ kò ní di àgbàrá fún ẹnikẹ́ni. Táńkì lábẹ́ etí òrùlé, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìbò, igi tí wọ́n gbìn sí ìwọ̀-oòrùn ilé, gbogbo wọn jẹ́ ọ̀nà tí ó wà ní ìkáwọ́ onílé àti ayálégbé.

Àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí àti lókèèrè

Ẹnìkan lè sọ pé àlàyé yìí dùn létí nìkan. Àwọn iṣẹ́ gidi wà tí ó ti ṣe é. Ní Ọ̀tà, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ni àjọ ìwádìí ilé kíkọ́ àti ojú ọ̀nà ti ìjọba àpapọ̀ (NBRRI) ní ibi ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ náà kí omi má baà tú u. Amọ̀ pupa sì ni ilẹ̀ Rẹ́mọ ní jù. Ní Ìbàdàn, Demas Nwoko ti fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù fún ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní àwọn ọdún 1970. Ilé náà ṣì dúró, àjọ̀dún iṣẹ́ ilé yíyà ti Venice sì fi àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà dá a lọ́lá ní 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Fún olùkọ́, àpẹẹrẹ Gando ní Burkina Faso ni ó súnmọ́ jù. Ní 2001, Francis Kéré, ọmọ bíbí abúlé náà, parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ará abúlé bá a kọ́. Bíríkì amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Àjà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá wà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé páànù ga sókè kúrò lórí àjà náà, tí ooru fi ń bá afẹ́fẹ́ lọ kí ó tó kan àwọn ọmọ. Etí páànù náà yọ síta dáadáa láti dáàbò bo ògiri. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004, Kéré sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Kò yẹ kí wọ́n dà á kọ bí ó ti wà. Ilẹ̀ Gando gbẹ, ti Rẹ́mọ kún fún ọ̀rinrin. Ìpìlẹ̀ tí ó ga àti fèrèsé tí ó dojú kọra ni Rẹ́mọ yóò fi kún un. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n yóò yá.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ pàápàá ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Nígbà tí Tai Solarin àti Sheila aya rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní, 1956, ìlànà wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbin ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì kópa nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ tí ó bá ti po amọ̀ rí kò ní ka pèpéle sí orúkọ lásán.

Ojúṣe olùkọ́ Yorùbá

Ilé kíkọ́ kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀kọ́ àṣà Yorùbá. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa há orúkọ sórí: àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, pèpéle, àgbàlá. Wọn a bi í ní ìdánwò, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gbàgbé. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni àjà ń ṣe fún ooru, tàbí kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ògiri bí pèpéle kò bá sí. Bí wọ́n bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àṣà á di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, èyí tí ó mú kí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní kíákíá. Títí di òní, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ onípáànù tí kò ní àjà ṣì wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò lọ bá. Bí oòrùn bá mú, orí àwọn ọmọ á gbóná; bí òjò bá dé, ariwo páànù á bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ á sì dúró. Yàrá yẹn gan-an ni ìwé tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ kà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí wọ́n wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Kí wọ́n tọ àgbàrá inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dé orísun rẹ̀. Kí wọ́n bi àwọn àgbà àdúgbò nípa ibi tí odò máa ń kún dé tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n wá padà sínú òwe, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ ní oréfèé àti ní ìjìnlẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mọ òwe náà ju ẹni tí ó há a sórí lọ.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé òwe àgbàrá òjò ní ìmọ̀ tí ó tó fi kọ́lé nínú, àti pé ó ní ààlà. Ilé àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gba òjò àti oòrùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ilé ìgbàlódé ní ẹsẹ̀ tí ó lágbára, ṣùgbọ́n ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba òjò. Èyí tí ó yẹ Rẹ́mọ ni ilé tí yóò so méjèèjì pọ̀, àti àdúgbò tí onílé, onílẹ̀ àti ayálégbé yóò jọ ní ohùn nínú rẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní 1872, nǹkan bí ìlú mẹ́tàlá, lára èyí tí Ọ̀fin, Màkún, Sónyìndó àti Ìjọ̀kù wà, pa ara wọn pọ̀ di Ṣàgámù nítorí pé ogun tí ó ń bọ̀ ju agbára ìlú kan ṣoṣo lọ. Wọn kò pa orúkọ àdúgbò wọn rẹ́. Wọ́n kàn gbà pé ohun kan wà tí ẹnì kan kò lè dá kọ̀. Ọ̀ràn àgbàrá òde òní kò yàtọ̀ sí èyí. Kò ní òun ò nílé wó, kò sì ní béèrè ilé ta ni.